Ẹ Kú Iṣẹ́ Lẹ́nu Ayùn

Ẹ má sọ fún mi pé ayé ló ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ tó. Nínú Abidjan yìí, ẹni tó wá kí wa láti Treichville ní ayé ni. Ẹni tó wá láti Bingerville ní ojú àwọn èèyàn ni. Obìnrin kan tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n yẹ abẹ́ tábìlì ayùn náà wò dáadáa, bóyá wọ́n so nǹkan mọ́ ọn. Mo ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹ̀fun pákó ni mo bá níbẹ̀. Èmi Àdìzátù, mo wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, orí àpótí ni mo jókòó sí, ojú mi méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Ayùn ló gé Kàmíl àbúrò mi lọ́wọ́. Ohun tó sì gbé ọwọ́ náà dé ẹnu ayùn ni "o kú iṣẹ́" tí gbogbo wa fi ń kí ara wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, wọn á máa wò mí bí ẹni tí ooru ti mú lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ kí inú tó tún bí mi.

Kàmíl kì í ṣe káfíńtà. Iléeṣẹ́ kan ní pọ́ọ̀tù ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí kọ̀ǹpútà ló máa ń jókòó sí, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bọ̀. Àmọ́ ọmọ náà fẹ́ràn pákó. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ dimanche, ọjọ́ Àìkú, òun á wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Gonzagueville, lábẹ́ páànù tí wọ́n ta mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, á máa wọn pákó, á máa súfèé. Òun ló kan àga tí mo ń jókòó lé ní ìsọ̀ mi ní Adjamé Roxy, níbi tí mo ti ń ta ìṣó, kọ́kọ́rọ́ àti ìdè ilẹ̀kùn. Àga náà ò mì títí di òní. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dáa.

Nígbà tó yá, ó ra ayùn oníná, irú èyí tí irin rẹ̀ rí roboto, tó yọ eyín jáde láàárín tábìlì irin. France au revoir ni, àlòkù òkè òkun tí wọ́n máa ń kó bọ̀ wá ta fún wa níbí. Ọjọ́ yẹn ni fídíò bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló ń wò lórí fóònù, tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ pákó. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ, Kàmíl á máa ka òfin òyìnbó náà fún wa bí ọmọ kéwú tó ń ka wàláà. Má wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀. Má dúró sí ọ̀gangan ẹ̀yìn pákó, torí ayùn lè ta á padà kó gbá ọ níkùn. Bí pákó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, má fi ìka tì í, igi ni kí o fi tì í. Má ṣí ìdérí tó bo eyín ayùn. Bintou ìyàwó rẹ̀ á ní, "Kàmíl, laisse-nous manger, jẹ́ ká jẹun!" Òun náà ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń dùn mí? Ká ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ǹ bá ní àìmọ̀kan ni, ǹ bá sì lọ sùn. Kàmíl mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ti yẹ lọ.

Ibùsùn Màmá ló ń kàn. Ọ̀dọ̀ Kàmíl ni ìyá wa ń gbé, orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú, ibùsùn tí wọ́n ń sùn lé sì ga. Lálaalẹ́, wọ́n á di etí rẹ̀ mú, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ gun un bí ẹni ń gun ọkọ̀ ojú omi. Kàmíl ní òun máa kan èyí tó rẹlẹ̀ fún wọn kí ààwẹ̀ tó wọlé. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa wà lábẹ́ fóòmù ló ń là lọ́jọ́ náà. Ìdérí ayùn ò jẹ́ kó rí ilà tó fà sójú pákó dáadáa, ló bá ṣí i kúrò, ó gbé e sórí fèrèsé, ó ní òun á dé e padà tóun bá là á tán. Igi tí wọ́n fi ń ti pákó ńkọ́? Bintou ti mú un lọ fi gbé ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró, torí atẹ́gùn òkun máa ń gbá a dé. Mo rí i níbẹ̀ nígbà tí mo ń wọlé. Mi ò sọ pé ìkíni nìkan ló jẹ̀bi o. Ẹ má fi ohun tí mi ò sọ sí mi lẹ́nu.

Mo kó ìṣó wá fún un láti ìsọ̀. Mo jókòó, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi, ayùn ń ké, etí mi fẹ́ di. Ni Bàbá Treichville bá wọlé.

Bàbá Treichville ni Àlàájì Mùíbì, àbúrò bàbá wa. Treichville ni wọ́n ń gbé, a wá fi ibẹ̀ pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ wa nígbà tí bàbá wa kú. Àwọn náà ló fi pàṣán kọ́ Kàmíl ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkíni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá ń kàwé tí Bàbá sì wọlé tí kò gbọ́, wọ́n á lù ú. Tó bá ń jẹun tó sì fi oúnjẹ há ẹnu dáhùn, wọ́n á lù ú. Wọ́n kọ́ ọ yanjú. Kò sí ọmọ tó mọ àgbà í kí bíi Kàmíl ní gbogbo Abidjan, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí lè jẹ́rìí.

Ẹ sì mọ bí tiwa ṣe rí. Ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Tí o bá kọjá láìkí i, wọ́n á ní inú rẹ ò mọ́ sí i. Tí wọ́n bá kí ọ tí o ò dáhùn, wọ́n á ní o ti di ẹni ńlá. Àwọn Jùlà tí a jọ ń gbé náà rí bẹ́ẹ̀. Djibril tó ń tún fìríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Kàmíl ò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá kó má pariwo "I ni baara!" Ohun kan náà ni wọ́n ń wí, pé o kú iṣẹ́. Ó dáa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀kọ́ ilé. Àgbẹ̀ lè gbé ojú sókè lórí ebè. Télọ̀ lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ayùn oníná ò mọ̀ pé ẹnì kan ń kí ọ. Nínú gbogbo fídíò tí Kàmíl wò, òyìnbó náà nìkan ló máa ń wà nínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò sí àbúrò bàbá tó ń wọlé bá a. Ta ló máa wá kọ́ ọ ní bó ṣe máa ṣe é tí àbúrò bàbá bá wọlé?

"Kàmíl! O kú iṣẹ́ o!"

Kàmíl ò gbé ojú. Ó ku díẹ̀ kí pákó náà là tán.

"Mo ní o kú iṣẹ́!"

Mo juwọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni, wọ́n juwọ́ padà sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ gbà mí o! Mo fẹ́ dìde, etí ìró mi há sábẹ́ àpótí. Bàbá ti sún mọ́ tábìlì, wọ́n fi ọ̀pá wọn lu òpó tó gbé páànù dúró, gbà! gbà!

"Àbí èmi ni mò ń kí ọ tí o ò dáhùn, ìwọ Kàmíl?"

Orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ níwájú ayùn tó ń yí. Orí rẹ̀ yí sí Bàbá, ẹnu rẹ̀ là, ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọwọ́ òsì tó fi tẹ pákó mọ́lẹ̀ sì bá ara lọ. Ohùn ayùn yí padà díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́.

Mo fa wáyà iná yọ, mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo fi débẹ̀. Bintou sáré gbé táwẹ́ẹ̀lì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ìyẹ̀fun pákó. Ẹ mọ ohun tí Kàmíl ń sọ? "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ má bínú, mi ò tètè dáhùn." Ẹ gbọ́ o! Ìka ẹni wà nílẹ̀, ẹni ń bẹ àgbà pé òun ò tètè jẹ́ wọn lóhùn. Inú bí mi débi pé omijé ò lè jáde lójú mi.

Nílé ìwòsàn, dókítà rán ìka àárín pọ̀, ó sì gbà. Ìka ìfábẹ̀lá ti lọ, ó ku kùkùté. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Bàbá ló yára dáhùn pé ẹ̀rọ ni, wọ́n ní, "C'est la machine, madame." Mo la ẹnu. Bintou fi ẹsẹ̀ tẹ tèmi mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà mi orí, ó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn tó ń fi ayùn ṣeré nílé máa ń wá, àwọn mìíràn a tiẹ̀ tún padà wá pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún Kàmíl tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìka máràrún ló pé síbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé lójú ayé mi, èyí ò ní lọ.

Ẹ wá wo ìran mi bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́gbọ́n.

Àwọn èèyàn dé. "Yako, Kàmíl, yako," pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wí. Ọ̀kan ní irin ayùn tí wọ́n ń tà níbí ò dáa. Ọ̀kan ní ó yẹ kó ti ṣe bísímílà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é, mo gbọ́ ọ! Ọ̀kan ní Ògún ló ń béèrè ajá. Mo ní, "Astagfirullah, ṣé ilé mùsùlùmí lẹ wá yìí àbí ibòmíràn?" Ó ní òun kàn ń sọ ọ́ ni. Kò sí ẹnì kan tó béèrè lọ́wọ́ mi, èmi tí mo wà níbẹ̀, pé, "Àdìzátù, kí lo rí?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pa àgbò, wọ́n ṣe sàráà. Mi ò bá àdúrà jà, mo ṣe àmín, mo sì jẹ nínú ẹran náà. Lẹ́yìn àdúrà, Bàbá Treichville ní kí Kàmíl ta ayùn náà. Wọ́n ní nǹkan irin ò bá ìdílé wa lára mu. Gbogbo ilé ní àmín.

"Bàbá," ni mo wí, "èmi ni mò ń ta irin ní Adjamé láti ogún ọdún, irin ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí lò ń fẹ́ sọ?"

"Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Kò sí ìdérí lórí ayùn. Ẹjọ́ Kàmíl nìyẹn. Igi ìtìpákó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná. Ẹjọ́ Bintou nìyẹn. Ẹ wá kí ẹni tó wà lẹ́nu ayùn títí tó fi gbé ojú sókè. Ẹjọ́ tiyín nìyẹn, ẹ má bínú."

Màmá ní, "Àdìzátù, bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn."

"Màmá, èèyàn la ti bẹ́ yìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú ọgbà tiwa, ìka ọmọ já."

Háà, ariwo! Bàbá dìde, wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ṣé èmi ni mo gé ọmọ mi lọ́wọ́? Èmi tí mo tọ́ ọ? Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, ó di ọ̀ràn? Ó dáa. Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yìí mọ́." Wọ́n jáde. Àwọn tó jẹ àgbò tán bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Kàmíl fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì bí òkìtì owú, ń bẹ̀ mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀bi rẹ ni! Tìẹ nìkan kọ́ ni! Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí ẹ̀bi jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo?"

Wọn ò gbọ́. Mo padà sí Adjamé pẹ̀lú orí fífọ́.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Kàmíl ò sá. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, ó ní òun ò ní ta ayùn, àti pé ibùsùn Màmá gbọ́dọ̀ parí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí mo rí i pé kò ní gbọ́, mo ní ó dáa, àwa náà á jọ wà níbẹ̀. Ó dé ìdérí padà, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ibi tí kò ti ní rọrùn láti ṣí. Igi ìtìpákó, ó ṣe mẹ́rin, ó so ọ̀kan mọ́ tábìlì. Mo ra nǹkan mìíràn fún Bintou láti fi gbé ilẹ̀kùn dúró. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Ìkíni ló kù.

Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ayùn bá ń ṣiṣẹ́, kí èèyàn mọ̀ pé kò yẹ kóun wọlé. Kó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò ti ní ìdílé Kàmíl ti ń ṣoògùn. Djibril gba apá kejì títì kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń ka àdúrà sínú. Bintou ní, "Tantie, ẹ yọ nǹkan yìí, ojú ń tì mí." A yọ ọ́. A wá fi pákó dábùú ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí pákó náà, wọ́n wọlé wá béèrè pé kí ló dé tí pákó fi dábùú ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹnì kan tiẹ̀ gbé pákó náà wọlé fún wa, ó ní ó bọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ lérí. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Mo wá rí i pé mi ò lè pa gbogbo Gonzagueville lẹ́nu mọ́. Kàmíl ló kù. Mo ní kó fa wáyà iná yọ, kó dúró sídìí ayùn bí ẹni tó ń la pákó. Èmi jáde, mo tún wọlé.

"Kàmíl, o kú iṣẹ́ o!"

Orí rẹ̀ gbéra, kíá. "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ti gé ìka kejì nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tún jáde, mo tún wọlé, orí rẹ̀ tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo dimanche. Mo pè é ní orúkọ, mo pe oríkì rẹ̀, mo fi ohùn Bàbá pè é, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀ kó tó mọ̀. Nígbà mìíràn òógùn á bò ó, á ní, "Ó ń dùn mí níbí," á fọwọ́ kan àyà. Ẹ wò mí, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń kọ́ àbúrò mi ní àìlẹ́kọ̀ọ́! Màmá ń wò wá láti ojú fèrèsé, wọ́n ń sọ pé àwọn ò bí ọmọ báyìí. Mo ní, "Màmá, ìka la fẹ́ kó kù, ẹ̀kọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀." Díẹ̀díẹ̀, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mo kọ́ ọ pé kó là á tán, kó pa iná, kó dúró kí irin dá wáí, ìgbà náà ni kó wá dọ̀bálẹ̀ bó ṣe fẹ́. Àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Èmi ni mò ń kí i. Èmi kì í ṣe Bàbá.

Màmá ló ránṣẹ́ sí Bàbá lẹ́yìn mi. Ààwẹ̀ ti sún mọ́, wọ́n ní ìjà ò gbọdọ̀ wọ inú ààwẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo wà lórí àpótí mi, Kàmíl wà lẹ́nu ayùn, ó ku pákó bíi mélòó kan kí ibùsùn parí. Mo gbé ojú sókè, mo rí ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fẹ́ pariwo pé, "Bàbá, ẹ dúró!" Ẹnu mi ti là tán kí n tó rántí pé ariwo ni ariwo ń jẹ́. Tí mo bá ké, Kàmíl á gbé ojú, èmi ni màá sì gé e lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara mi. Ẹ bi mí léèrè bó ṣe rí kí ẹnu bíi tèmi dákẹ́.

"Kàmíl, o kú iṣẹ́ o."

Kò gbé ojú.

"Kàmíl! Mo ní o kú iṣẹ́!"

Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó le gbagidi. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀, tí kò jẹ́ kó tẹ̀. Igi ìtìpákó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ti pákó lọ, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bàbá dúró, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ ti kọ́ ọ." Wọ́n yí ẹ̀yìn, wọ́n jáde.

Pákó là tán. Kàmíl pa iná. Ó dúró. Irin náà ń yí, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, Kàmíl ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi dá wáí. Lẹ́yìn náà ló ju igi sílẹ̀, ó sáré. Mo sáré tẹ̀lé e. Bàbá ti dé ẹ̀bá títì, wọ́n ń na ọ̀pá sí takisí. Kàmíl dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú wọn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lára, lójú Djibril àti gbogbo èèyàn.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ ṣé o, Bàbá."

"O ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

"Ìgbà wo lo gbọ́ mi?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀ ni."

"O gbọ́ mi, o fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kò gbé orí sókè. "Ọjọ́ yẹn náà, ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́ yín. Mo fẹ́ là á tán kí n tó dáhùn. Ẹ pè mí títí, ara mi ò gbà á mọ́."

Takisí dúró. Awakọ̀ ń fun fèrè. Bàbá ò wò ó. Yanrìn tí ọwọ́ òsì Kàmíl tẹ̀ ni wọ́n ń wò, torí ó ti gbé ọwọ́ náà díẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ìka gígùn, ìka gígùn, àti ibi kan tó kúrú. Takisí bínú lọ.

"Dìde," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ó ku mélòó?"

"Ó ku méjì, Bàbá."

"Lọ là á."

Wọ́n wọlé tẹ̀lé wa. Wọ́n gba àpótí lábẹ́ mi, wọn ò tiẹ̀ ní kí n jọ̀wọ́, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà. Mo bu omi fún wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n mu ún, wọ́n ní, "Àdìzátù, ẹnu rẹ mú jù." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Wọn ò bẹ̀ mí. Wọn ò tíì bẹ̀ mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì gbàgbé.

Ayùn bẹ̀rẹ̀. Djibril yọ orí, ó la ẹnu, "I ni—" Bàbá gbé ọ̀pá sókè, wọ́n fi ìka lé ètè. Djibril pa ẹnu dé, ó dúró sójú kan bí ọmọ ilé ìwé.

Pákó àkọ́kọ́ là. Pákó kejì là. Iná kú. Bàbá ò yí ojú padà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu bi mí léèrè.

"Ó ti dúró?"

"Ó ń yí díẹ̀, Bàbá."

Wọ́n dúró. Djibril náà dúró.

"Ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti dúró, Bàbá."

"Pátápátá?"

"Pátápátá."

Wọ́n fi ọ̀pá gbé ara wọn dìde, wọ́n yí padà, wọ́n gbọn agbádá wọn ṣánpá.

"Kàmíl," ni wọ́n wí, "o kú iṣẹ́ o."